Orí Keje: Ọ̀kẹ́rẹ́ Pupa Òkè Graham

Ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. sọ ìdí tí òkè kan fi lè ní ẹranko tí kò sí níbòmíràn láyé;
2. ṣàpèjúwe ọ̀kẹ́rẹ́ pupa Òkè Graham, oúnjẹ rẹ̀, ìwà rẹ̀ àti bí ó ṣe ń bímọ;
3. ṣàlàyé bí òkìtì àká ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ìbòòji igbó ń ṣe fún un;
4. to àwọn ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹranko náà run lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì sọ bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì.

7.1 Òkè kan láàárín aṣálẹ̀

Ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́ òkè kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pinaleño. Ibi tó ga jù nínú rẹ̀ ni Òkè Graham, tó fi nǹkan bí mítà 3,267 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Àwọn ará Apache, tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ka òkè yìí sí ibi mímọ́. Dził Nchaa Sí'an ni wọ́n ń pè é.

Ilẹ̀ gbígbẹ ló yí ẹsẹ̀ òkè náà ká. Ẹni tó bá ń gùn ún yóò kọ́kọ́ la àárín koríko àti igi ẹlẹ́gùn-ún kọjá, yóò kan igi óòkù, yóò kan igi páìnì, yóò sì wá dé inú igbó dúdú tó tutù, níbi tí igi spruce àti fir ti dí pa. Yìnyín máa ń bo ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà òtútù. Igi spruce, fir àti páìnì kò ní ewé pẹlẹbẹ bíi ti ìrókò tàbí mángòrò. Ewé wọn rí tín-ín-rín, ó sì le. Nítorí náà, igi eléwé abẹ́rẹ́ ni a ó máa pè wọ́n nínú orí yìí.

Kí ló mú kí òkè tutù tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìsàlẹ̀ ń jó bí iná? Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, tó sì ń tutù sí i. Ní ìpíndọ́gba, ooru máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 6.5 dín kù fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìlú Safford, tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ga tó nǹkan bí mítà 900. Láti ibẹ̀ dé ibi tó ga ní mítà 3,200 jẹ́ mítà 2,300. Bí a bá sọ 6.5 di ìlọ́po 2.3, nǹkan bí 15 ni a ó rí. Lọ́jọ́ tí ooru Safford bá jẹ́ 38, tòkè lè má ju 23 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, bí afẹ́fẹ́ olómi bá kọlu òkè, yóò gbéra sókè, yóò tutù, omi inú rẹ̀ yóò sì rọ̀ sílẹ̀ bí òjò tàbí yìnyín. Òkè yìí ń rí omi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kì í rí.

Ìrísí ilẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà yìnyín, nígbà tí ojú ọjọ́ ayé tutù ju tòní lọ, igbó eléwé abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tó wà lónìí lọ, ọ̀kẹ́rẹ́ sì lè gba inú rẹ̀ rìn láti òkè kan dé òmíràn. Nígbà tí ìgbà yìnyín parí ní nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Igbó ń sá gòkè díẹ̀díẹ̀, aṣálẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá igbó gòkè kò rí ọ̀nà padà mọ́, nítorí ẹranko orí igi kò lè la aṣálẹ̀ gbígbóná kọjá. Láti ìgbà náà ni ti Òkè Graham ti dá wà. Àwọn onímọ̀ ń pe irú òkè báyìí ní erékùṣù òfuurufú, nítorí pé aṣálẹ̀ ló dá a yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí omi òkun ṣe ń dá erékùṣù yà.

7.2 Ìdílé rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀

Inú ìdílé Sciuridae ni ọ̀kẹ́rẹ́ yìí wà. Inú ìdílé yìí kan náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ tí à ń rí lórí igi nílẹ̀ Yorùbá wà, àti ikún tó ń gbé inú ihò ilẹ̀. Ìdílé yìí sì jẹ́ apá kan ẹgbẹ́ ńlá àwọn ẹranko tó ń fi eyín iwájú họ nǹkan jẹ, bí eku, òkété, ọ̀yà àti òòrẹ̀. Eyín iwájú wọn kì í dẹ́kun àtihù. Bí ó ṣe ń jẹ níwájú nípa iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yọ láti ìdí.

Ọdún 1894 ni J. A. Allen, onímọ̀ nípa ẹranko ní Amẹ́ríkà, kọ àpèjúwe rẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n kà á mọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tó kún inú igbó Kánádà, ìyẹn Tamiasciurus hudsonicus. Ní 2016, ìwádìí lórí àbùdá fi hàn pé ọ̀kẹ́rẹ́ pupa àwọn òkè gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, wọ́n sì ń pè é ní Tamiasciurus fremonti. Ẹ̀ka kan nínú ẹ̀yà yìí ni ti Òkè Graham. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Tamiasciurus fremonti grahamensis.

Ẹranko kékeré ni. Ara rẹ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, ìrù rẹ̀ tó nǹkan bí 15, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí gíráàmù 230 lọ. Irun rẹ̀ jẹ́ eérú tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ pupa bí ìpẹtà irin lẹ́yìn. Ikùn rẹ̀ funfun. Nígbà ooru, ìlà dúdú kan máa ń la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín ẹ̀yìn àti ikùn. Nígbà òtútù, irun etí rẹ̀ máa ń gùn díẹ̀. Òbírí funfun yí ojú rẹ̀ ká. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀yìn lè yí padà pátápátá, èyí ló fi ń lè dorí kodò sọ̀ kalẹ̀ lára igi, tí èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì di èèpo igi mú lókè.

Ojúmọmọ ló ń ṣiṣẹ́. Kì í sì í sùn jálẹ̀ ìgbà òtútù bí àwọn ẹranko mìíràn ti ń ṣe. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ jẹun lójoojúmọ́, pàápàá ní oṣù tí ohunkóhun kì í so lórí igi. Ìbéèrè tó wá ṣe pàtàkì jù nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ni èyí: níbo ló ti ń rí oúnjẹ nígbà náà?

7.3 Òkìtì àká

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ èso tó gbẹ́kẹ̀ lé. Igi eléwé abẹ́rẹ́ kì í so èso ẹlẹ́ran. Kóònù ni ó ń so: ohun líle tí ìpẹ́ rẹ̀ to léra wọn, tí irúgbìn méjì sì sùn sábẹ́ ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kóònù bá gbó tó sì gbẹ, àwọn ìpẹ́ yóò là, irúgbìn yóò sì bá atẹ́gùn lọ.

Ẹ wo ọ̀kẹ́rẹ́ kan níbi tó ti ń jẹun. Ó jókòó sórí ìtì igi tó ti wó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kóònù spruce mú ní ìdábùú. Láti ìdí kóònù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gé ìpẹ́ kan sọnù, ó mú irúgbìn abẹ́ rẹ̀ jẹ, ó yí kóònù náà díẹ̀, ó tún gé èyí tó kàn. Báyìí ni yóò máa yí i, tí yóò máa gé e, títí yóò fi ku ọ̀pá tín-ín-rín àárín rẹ̀ nìkan. Yóò ju ìyẹn náà sílẹ̀, yóò mú òmíràn. Gbogbo ìpẹ́ yìí ń bọ́ sí ojú kan náà, nítorí ibi kan náà ló ti ń jẹun lọ́pọ̀ ìgbà. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀kẹ́rẹ́ kan ń kú, òmíràn ń jogún ibẹ̀, ìpẹ́ sì ń ga di òkìtì. Òkìtì mìíràn a máa fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà.

Inú òkìtì yìí ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń kó kóònù tuntun pamọ́ sí. Kí kóònù tó là ló ti ń gun orí igi lọ gé wọn lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tutù, yóò wá sọ̀ kalẹ̀ láti ṣà wọ́n, yóò sì rì wọ́n sínú òkìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àká àgbẹ̀ ń fẹ́ gbígbẹ kí àgbàdo má bàa bu. Àká ọ̀kẹ́rẹ́ ń fẹ́ ọ̀rinrin. Bí kóònù bá wà nínú òkìtì tó tutù tó sì lómi, ìpẹ́ rẹ̀ yóò pa mọ́ pinpin, irúgbìn inú rẹ̀ yóò sì wà ní ipò tó dára fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òkìtì bá gbẹ, kóònù yóò là sínú rẹ̀, irúgbìn yóò dà sílẹ̀, eku àti ẹyẹ yóò sì kó wọn jẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe ibi gbogbo nínú igbó ni òkìtì àká lè wà. Ohun mẹ́ta ló ń fẹ́:

- Ìbòòji tó nípọn. Orí àwọn igi ní láti kan ara wọn lókè, kí oòrùn má lè ráyè gbẹ òkìtì.
- Ìtì igi tó ti wó àti igi tó ti kú lórí ìdúró. Ìtì ń pa ọ̀rinrin mọ́, ó sì jẹ́ àga ìjẹun àti ojú ọ̀nà. Igi tó ti kú ń ní ihò tó dára fún ìtẹ́.
- Igi àgbà tó ń so kóònù nítòsí. Igi kékeré kò wúlò, nítorí igi eléwé abẹ́rẹ́ a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa.

Igbó tó ní nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí papọ̀, igbó àtijọ́ ni. A kò lè gbìn ín lónìí kí á rí i lọ́la. Kí akẹ́kọ̀ọ́ di gbólóhùn yìí mú ṣinṣin, nítorí gbogbo ohun tí a ó kà ní ìpín 7.7 dá lé e lórí.

7.4 Oúnjẹ láti ìgbà dé ìgbà

Oúnjẹ ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ń yí padà bí ọdún ṣe ń yí.

- Ìgbà ìrúwé: Ó ń jẹ ìyókù kóònù inú àká, ó sì ń jẹ ẹ̀hù ìgbà tuntun lórí ẹ̀ka.
- Ìgbà ooru: Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, òjò líle máa ń rọ̀ sórí òkè náà, olú sì ń hù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ, ó sì ń gbé òmíràn kọ́ sórí ẹ̀ka kó lè gbẹ, kó tó kó o pamọ́.
- Ìgbà ìwọ́wé: Iṣẹ́ pọ̀. Ó ń gé kóònù, ó ń rì í sí àká láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.
- Ìgbà òtútù: Àká ni gbogbo ìrètí rẹ̀. Yóò gbẹ́ ihò wọ inú yìnyín lọ bá kóònù tó rì.

Kóònù tó wọ́pọ̀ jù nínú àká wọn jẹ́ ti spruce Engelmann, ti fir, ti Douglas fir, àti ti páìnì funfun. Àǹfààní wà nínú kí igi tó yàtọ̀ síra wà nínú igbó kan. Igi eléwé abẹ́rẹ́ kì í so bákan náà lọ́dọọdún: yóò so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún kan, kò sì ní í so nǹkan gidi lọ́dún mìíràn. Bí spruce bá kọ̀ láti so, ó ṣeé ṣe kí Douglas fir so. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ní irú igi kan ṣoṣo nítòsí àká rẹ̀ yóò jìyà lọ́dún tí igi náà bá sinmi.

Olú tó ń jẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú igbó. Àwọn olú kan so mọ́ gbòǹgbò igi, wọ́n ń bá a fa omi àti èròjà láti inú ilẹ̀, igi sì ń fún wọn ní ṣúgà tó fi oòrùn ṣe. Nígbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá jẹ irú olú bẹ́ẹ̀, irúgbìn olú yóò bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde níbòmíràn. Ẹranko tó ń jẹ irúgbìn igi tún ń ran igi lọ́wọ́ láti rí olú tí gbòǹgbò rẹ̀ nílò.

7.5 Ààlà àti ariwo

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ayé ń gbà pa oúnjẹ mọ́. Àwọn kan ń fọ́n ọn káàkiri, wọ́n á bo èso kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Bí olè bá rí ọ̀kan, ìyókù ṣì wà. Àwọn mìíràn, bíi ti Òkè Graham, ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ìpamọ́ àkójọ dára nítorí pé ọ̀rinrin ń pa á mọ́, ṣùgbọ́n bí olè bá wọlé, gbogbo rẹ̀ lè lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yan ọ̀nà kejì gbọ́dọ̀ lè ṣọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ pupa fi ń dá gbé. Àká kan, ọ̀kẹ́rẹ́ kan. Akọ àti abo, kálukú ní tirẹ̀. Bí àjèjì bá yọjú, onílé yóò dúró sórí ẹ̀ka, yóò máa fi ìrù lu afẹ́fẹ́, yóò sì bú sí ariwo kan tó ń dún kéké léraléra. Bí àjèjì kò bá lọ, onílé yóò lé e. Ìwádìí lórí ọ̀kẹ́rẹ́ pupa Kánádà ti fi hàn pé ariwo ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Pẹ̀lú rẹ̀, aládùúgbò lè mọ̀ pé onílé ṣì wà nílé, láìsí pé wọ́n fojú kan ara wọn.

Ìwà yìí wúlò fún àwọn onímọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lórí òkè, òkìtì ni wọ́n ń lọ wò nígbà ìwọ́wé. Níbi tí wọ́n bá ti rí ìpẹ́ tuntun, kóònù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tàbí olú tí a fi kọ́ ẹ̀ka, wọ́n mọ̀ pé onílé wà. Níbi tí ìpẹ́ bá ti dúdú, tí koríko ti ń hù lórí òkìtì, àká náà ti di ahoro.

7.6 Bí wọ́n ṣe ń bímọ

Ìparí ìgbà òtútù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni akọ máa ń gun abo. Abo kì í gba akọ láàyè ju ọjọ́ kan lọ, ó sì lè má tó odindi ọjọ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn akọ láti àgbègbè yóò wọ ilẹ̀ rẹ̀, wọn yóò máa lé e láti igi dé igi, wọn yóò sì máa lé ara wọn pẹ̀lú. Nígbà tí ọjọ́ bá fi máa kú, abo yóò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé gbogbo wọn jáde. Akọ kò ní ipa kankan mọ́ nínú títọ́ ọmọ.

Oyún ń lo nǹkan bí ọjọ́ 35. Inú ihò igi, tàbí inú ìtẹ́ tí a fi koríko ká, ni abo ń bí sí. Àwọn ọmọ kì í pọ̀. Lórí Òkè Graham, méjì tàbí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Wọn kò ní irun, ojú wọn sì dì. Ó tó nǹkan bí oṣù kan kí ojú tó là. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń lo kí wọ́n tó já lẹ́nu ọmú.

Ìdánwò tó le jù wá dé. Ọmọ tó bá ti já lẹ́nu ọmú gbọ́dọ̀ rí àká tirẹ̀ kí ìgbà òtútù tó wọlé. Ẹni tí kò bá ní àká kò ní oúnjẹ, ẹni tí kò bá sì ní oúnjẹ kò lè la òtútù kọjá. Ní agbègbè Kluane ní Kánádà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń tọpa ọ̀kẹ́rẹ́ pupa láti 1987, wọ́n rí i pé ìyá mìíràn a máa fi àká rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, òun náà yóò sì lọ wá òmíràn. Wọ́n tún rí abo tó gba ọmọ ìbátan rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti kú tọ́. Ìwà yìí fi hàn bí àká ti ṣe iyebíye tó: ogún ni, òun sì ni ààlà láàárín ìyè àti ikú.

Ní gbogbo ìgbà, àwọn ọ̀tá ń ṣọ́ wọn: àṣá lójú ọ̀sán, òwìwí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́, ológbò igbó àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nílẹ̀. Igbó tó dí ló ń gbà wọ́n. Bí orí igi bá kan orí igi, ọ̀kẹ́rẹ́ lè sá láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka láìfi ara hàn. Bí àlàfo bá wà, ojú gbangba ni yóò gbà kọjá.

7.7 Bí ó ṣe kù díẹ̀ kó parẹ́

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn agégẹdú ti ń gé igi ńlá lórí òkè náà. Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n kó ẹ̀yà ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn wá síbẹ̀ fún àwọn ọdẹ, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́ Abert, tó tóbi tó ìlọ́po méjì onílé, tó sì ní irun gígùn létí. Ọ̀kẹ́rẹ́ Abert kì í ní àká. Oúnjẹ tí onílé ń jẹ lòun náà ń jẹ, ó sì ń jí kóònù inú àká kó. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, wọ́n rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ti tán lórí òkè náà. Inú àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tún rí díẹ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà 1987, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àkúrun.

Ní nǹkan bí àkókò yìí kan náà ni àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Yunifásítì Arizona àti àwọn alájọṣe rẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé awò awọ̀nàjíjìn sórí òkè náà láti máa fi wo ìràwọ̀, nítorí òkè gíga àti òfuurufú mímọ́ dára fún iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń jà fún ẹranko igbó ta kò ó, ọ̀pọ̀ ará Apache náà sì ta kò ó nítorí ibi mímọ́ wọn. Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1988 tó fàyè gba awò mẹ́ta àkọ́kọ́. Lónìí, awò ti Vatican wà níbẹ̀, àti awò olójú méjì tí dígí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 8.4. Ọ̀kan nínú àdéhùn ìgbà náà ni pé kí yunifásítì náà máa ṣọ́ àwọn ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Koprowski darí ìwádìí yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ẹranko náà sì ti ibẹ̀ wá.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, iye wọn ti ju 500 lọ. Ìrètí wà. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, kòkòrò bo igbó spruce àti fir tó wà lókè téńté. Àwọn kan ń jẹ ewé, àwọn kan ń gbẹ́ abẹ́ èèpo igi, níbi tí oúnjẹ igi ń gbà kọjá. Igi tí ọ̀dá ti mú kò lágbára láti tú oje tó lè lé wọn dànù. Láàárín ọdún díẹ̀, igbó náà kú sórí ìdúró. Nígbà tí ewé já dànù, oòrùn ráyè bọ́ sórí àwọn òkìtì, àká gbẹ, onílé sì fi í sílẹ̀. Àwọn tó kù sọ̀ kalẹ̀ sí igbó àdàlù tó wà nísàlẹ̀.

Iná ló tẹ̀ lé e. Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ náà, iná kékeré a máa jó abẹ́ igbó àdàlù lóòrèkóòrè, a máa pa igi kéékèèké, kì í sì í ṣe àgbà igi ní nǹkan kan. Nígbà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo iná ní kíá, igi kéékèèké àti ìtì gbígbẹ wá kún abẹ́ igbó. Wọ́n ń dúró de ọjọ́ kan. Iná ńlá jó ní 1996, ó tún jó ní 2004. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2017, mànàmáná dá iná tí wọ́n ń pè ní Frye sílẹ̀, ó sì jó ju hẹ́kítà 19,000 lọ. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ka ọ̀kẹ́rẹ́ 252. Lẹ́yìn iná náà, 35 péré ni wọ́n rí.

Ayé sì ń móoru sí i. Àwọn àgbà ní bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Gígòkè ló gba ọ̀kẹ́rẹ́ yìí là nígbà tí ìgbà yìnyín parí, ó sì ti gbà á là fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n òkè lópin. Orí ṣóńṣó ni igbó tútù ti wà báyìí, kò sì sí ibi tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ tó lè sá gbà.

7.8 Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti dá a sí

Apá kan orí òkè náà ni wọ́n ti pa ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé, kí ẹsẹ̀ ènìyàn má bàa da àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ láàmú. Nínú igbó àdàlù, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba ń dín igi kéékèèké kù, wọ́n sì ń fi iná tí wọ́n lè kápá jó pàǹtí, kí iná ńlá má bàa rí oúnjẹ jẹ. Iṣẹ́ yìí gba ọgbọ́n: bí wọ́n bá gé jù, ìbòòji yóò ṣí, àká yóò gbẹ, bí wọ́n bá gé kéré jù, iná yóò tún padà wá. Ọgbà ẹranko ìlú Phoenix ń sin díẹ̀ nínú àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ náà láti kọ́ bí wọ́n ṣe lè máa bí sí nínú ìhámọ́. Ní 2020, iye tó wà lórí òkè ti padà di 109.

Iṣẹ́ tó dára ni gbogbo èyí, ó sì yẹ kí a yin àwọn tó ń ṣe é. Síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé iye ẹranko nìkan ni ìwọ̀n àṣeyọrí. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbára lé àká, àká gbára lé ọ̀rinrin, ọ̀rinrin gbára lé ìbòòji, ìbòòji sì gbára lé igi àgbà. A lè sin ọ̀kẹ́rẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgbà. Bí kò bá sí igi àgbà lórí òkè, ibi tí a ó kó wọn lọ kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹranko yìí là, ìbòòji ni kó kọ́kọ́ gbà là.

Àkótán

- Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa Òkè Graham wà lórí òkè kan ṣoṣo ní Arizona. Aṣálẹ̀ ti dá a yà sọ́tọ̀ láti nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn.
- Ó ń dá gbé, ó sì ń ṣọ́ òkìtì àká tirẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin ti ń jẹ́ kí kóònù wà láìlà.
- Abo ń gba akọ láàyè fún ọjọ́ kan péré. Oyún ń lo nǹkan bí ọjọ́ 35. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní àká kí òtútù tó dé.
- Igi gígé, ọ̀kẹ́rẹ́ Abert, kòkòrò, ọ̀dá àti iná ti dín iye rẹ̀ kù. Ìbòòji tó ń ṣí ni ewu tó so púpọ̀ nínú wọn pọ̀.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan

*Igi eléwé abẹ́rẹ́*: igi bíi spruce, fir àti páìnì, tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì ń so kóònù.
*Kóònù*: èso líle oníìpẹ́ tí irúgbìn wà lábẹ́ ìpẹ́ rẹ̀.
*Òkìtì àká*: òkìtì ìpẹ́ kóònù níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń kó oúnjẹ pamọ́ sí.
*Erékùṣù òfuurufú*: òkè tútù tí ilẹ̀ gbígbóná yí ká.
*Igbó àdàlù*: igbó tí oríṣiríṣi igi eléwé abẹ́rẹ́ dà pọ̀ sí.

Ìbéèrè

1. Ìlú kan ga ní mítà 600. Orí òkè tó wà nítòsí rẹ̀ ga ní mítà 2,600. Bí ooru ìlú bá jẹ́ ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 35, ṣírò ohun tí ooru orí òkè lè jẹ́.
2. Kí ló dé tí àká ọ̀kẹ́rẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ gbẹ? Fi ìrísí kóònù ṣàlàyé.
3. Sọ àǹfààní kan àti ewu kan tó wà nínú kíkó oúnjẹ jọ sójú kan.
4. Báwo ni pípa gbogbo iná kékeré ṣe lè fa iná ńlá?
5. Ẹnìkan ní: "Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ń bí nínú ọgbà ẹranko, ewu ti tán." Kọ ìpínrọ̀ kan láti gbà á tàbí láti ta kò ó. Lo ìpín 7.3 àti 7.8.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Yan ẹranko igbó kan tó wà ní àgbègbè rẹ, ì báà jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́, ikún, ọ̀yà tàbí òkété. Béèrè lọ́wọ́ ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan ohun tí ẹranko náà ń jẹ, ibi tó ń sùn sí, àti ìgbà tó ń bímọ. Lẹ́yìn náà, ya ẹ̀wọ̀n bíi ti ìpín 7.8: kí ni ẹranko náà gbára lé, kí sì ni ohun yẹn náà gbára lé? Máa bá a lọ títí ẹ̀wọ̀n náà yóò fi kan ohun tí ènìyàn ń gé, tí ó ń sun, tàbí tí ó ń gbìn ní àgbègbè yín. Mú un wá sí kíláàsì fún ìjíròrò.